Ìwé Tí Mo Fi Ọ̀rá Bò

"O ti pa á."

Ohun tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ sọ fún mi nìyẹn. Kò kí mi, kò béèrè bóyá mo jí dáadáa. Ó ní láti ilẹ̀ Faransé ni òun ti wọ ọkọ̀ òfurufú wá. Ó fi bàtà aláwọ tó ń dán kọjá nínú ẹrẹ̀ àdúgbò wa, Nzeng-Ayong, ó dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun fẹ́ rí ìwé náà, ó sì yọ ìbọ̀wọ́ funfun jáde nínú àpò, ó fẹ́ wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó wò ó, ó dá ìbọ̀wọ́ padà sínú àpò.

"Ṣé o mọ ohun tí o ṣe? O ti pa á pátápátá."

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn kan ní kí n jẹ́ kí ó rọlẹ̀ ná kí n tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá rọlẹ̀ tán, n kò rò pé mo tún máa rí nǹkan kan kọ.

Fọ́tòkọ́pì ni iṣẹ́ mi. Mo ní ẹ̀rọ tí ń da ìwé kọ, mo ní èyí tí a fi ń gé bèbè ìwé, mo sì ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù, èyí tí a fi ń bo ìwé ní ọ̀rá. Pilásítífíyé là ń pe iṣẹ́ yẹn níbí. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ló ń bọ́ mi jù. Àlejò kì í fi ìwé rẹ̀ ṣeré ní Libreville, olú ìlú Gabon. Ọlọ́pàá lè dá tasí dúró nígbà tó bá wù ú, kó ní kí o mú ìwé jáde, òjò ń rọ̀, òógùn ń bò ọ́, ìwé tó wà lápò rẹ ti fẹ́ẹ̀ di ẹ̀kọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé gbogbo rẹ̀ wá: ìwé ìgbélùú, ìwé ìbí ọmọ, ìwé ìgbéyàwó, fọ́tò ìyá tó ti kú. Bí ìwé bá ti inú ẹ̀rọ náà jáde, tó gbóná, tó le, tó ń dán, mo máa ń rí i bí ara oníbàárà ṣe ń balẹ̀. Omi ò lè mú un lọ mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a ṣe ń fi hàn pé a fẹ́ràn ìwé nìyẹn.

Ẹni tó bá wá fẹ́ sọ fún mi pé mo pa ìwé, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ.

Ìwé náà kì í ṣe tèmi. Ti Màmá ni. Màmá ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, òun ló tọ́ mi. Ó ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù ní àdúgbò Kalikak, nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀dọ́kùnrin kan ti orílẹ̀-èdè Benin wá, Nàgó, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó gba yàrá nínú àgbàlá àwọn òbí Màmá. Ó ń ṣiṣẹ́ ní pọ́ọ̀tù. Bó bá di Sátidé, á kó àwọn ọmọ àgbàlá jọ, á máa kọ́ wọn bí a ṣe ń ka Yorùbá. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n lè fi kẹ́kọ̀ọ́, ló bá jókòó, ó kọ ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin kan tí wọ́n rán lọ ra epo karosínì ni. Òjò ń dá a dúró láti àdúgbò dé àdúgbò, ibi tó bá sì yà sí, á bu díẹ̀ sínú àtùpà ẹni tó gbà á sílé, títí tó fi padà délé pẹ̀lú ìgò òfìfo. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àfọwọ́yí tó wà ní ọ́fíìsì wọn ni Tíṣà fi tẹ ìwé náà. Bóyá ọ̀gá rẹ̀ mọ̀, bóyá kò mọ̀. Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà ó lọ sí òkè òkun, ó ń fi Faransé kọ̀wé, ó di gbajúmọ̀. Ẹ má béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó ti kú báyìí. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ń kà mọ́ tirẹ̀, ti ọmọ elépo karosínì kò sí níbẹ̀. Ìkán jẹ òmíràn nínú àwọn tó pín fún ọmọ àgbàlá, omi gbé òmíràn lọ, àwọn mìíràn kó kúrò nílé wọ́n sì dà á nù mọ́ ìdọ̀tí. Ti Màmá wà nínú agolo bisikíìtì, lábẹ́ bọ́tìnì.

Inú ìwé yẹn ni èmi náà ti kọ́ èdè yìí kà. Mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí n tó parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, Faransé tí mo rí mú níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí mo bá lè kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ epo.

Màmá náà ń ṣe bí Tíṣà ti ṣe. Ní gbogbo Sátidé, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí máa ń kún àgbàlá rẹ̀, ọmọ àwọn télọ̀, ọmọ àwọn oníṣòwò, àwọn tí Faransé ti gba gbogbo ẹnu wọn.

"Màmá, kí ni ìyẹ̀wù?" ọmọbìnrin kan bi í nígbà kan. Ọmọ yẹn lẹ́nu ju gbogbo wọn lọ.

"Yàrá tó wà nínú lọ́hùn-ún."

"Kí ló dé tí kò kàn kọ yàrá?"

"Bi ẹni tó kọ ọ́."

"Ṣebí ó ti kú."

"Ó dáa, máa kà á lọ nígbà náà."

Èmi ni mo ń da ìwé náà kọ fún wọn, n kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ojúlówó tó wà lọ́wọ́ Màmá ti ń tú. Pín-ìnnì tó so ó pọ̀ ti dípẹtà, bèbè rẹ̀ ń rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Lọ́jọ́ tí ọmọ kan da ọsàn mímu sí i lára, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú ẹ̀." Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún mi.

Mo yọ pín-ìnnì. Mo kó àwọn ojú ewé sábẹ́ abẹ, mo gé bèbè wọn kúrò kí ó lè gún régé. Mo fi ọ̀rá bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo lu ihò sí wọn létí, mo fi òrùka ńlá so wọ́n. N kò ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Tasí àkọ́kọ́ tí mo kígbe Kalikak sí fọn fèrè pé kí n wọlé, mo sì gbé ìwé náà lé itan títí a fi débẹ̀, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu mi.

Màmá gbà á. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó gbé e sí imú.

"Kò rùn mọ́," ó wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ó wá ń fi ìka tọ etí ojú ewé náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Àwọn ọ̀rọ̀ etí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ wo, Màmá?"

"Ti Tíṣà."

Ìgbà yẹn ni mo rántí àwọn ìlà pẹ́ńsùlù tó wà ní bèbè tí mo gé, tó ti ṣá débi pé ẹ̀rọ kì í gbé e sínú ẹ̀dà. Ojú ìdọ̀tí ni mo fi wò wọ́n, mo rò pé ọmọdé kan ló ya nǹkan síbẹ̀. Màmá sọ fún mi pé bí òun bá ka ojú ewé kan láìṣìṣe nígbà náà, Tíṣà á fi pẹ́ńsùlù kọ "ó dára" sí i létí. Nígbà mìíràn á fi ẹ̀fẹ̀ kún un. Ibì kan wà tó kọ ọ́ sí pé, "Ó dára, ṣùgbọ́n lọ fọ ẹnu." Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó sọ ìyẹn. Àwọn bèbè náà ti wà lórí ààtàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n sì ti dáná sun wọ́n.

"O ṣeun," ó wí. "Omi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́."

Télọ̀ kan wọlé, ó ń wá bọ́tìnì funfun. Màmá dìde lọ dá a lóhùn. Ó yẹ kó bú mi. Ǹ bá fẹ́ kó bú mi.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn kí ọkùnrin oníbọ̀wọ́ tó dé, lọ́jọ́ tí ìwé náà tún wà lọ́dọ̀ mi kí n lè da ẹ̀dà tuntun kọ fún àwọn ọmọ. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ló gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ sórí Fesibúùkù níbi tó ti ń ka ẹ̀dà tirẹ̀, òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi sì hàn lẹ́yìn ìwé. Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni láti máa kó gbogbo ohun tí òǹkọ̀wé yẹn kọ jọ, pàápàá èyí tó kọ kó tó lókìkí. Ó ní ẹyọ yìí nìkan ló kù. Nàgó ni òun náà, òkè òkun ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó ń rọra sọ Yorùbá bí ẹni tí bàtà ń há.

"Ṣé ọ̀rá yìí ṣeé bó?" ó bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá bó o, ojú ìwé á bá a bọ́."

"Mo mọ̀!"

"Kí lẹ tún ń béèrè fún?"

Ó gbé orí lé ọwọ́. "Inú àpótí onídígí ni ǹ bá gbé e sí. Kò ní sí ọ̀rinrin níbẹ̀, oòrùn ò ní kàn án."

"Ta ló máa wá máa kà á níbẹ̀?"

"A kì í ka irú èyí. À ń pa á mọ́ ni."

Ẹ̀jẹ̀ gun orí mi. "Èmi ni mo pa á, àbí? Ẹ̀yin lẹ wá sin ín, ẹ tilẹ̀ ti ra pósí sílẹ̀."

"O lẹ́nu," ó wí.

"Mo ní ọ̀bẹ ìgéwé pẹ̀lú."

Inú mi kò dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Ó kàn fò jáde lẹ́nu mi ni. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an ni pé ọ̀nà kan wà tí ọkùnrin náà fi jàre, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tí kò kí mi ló máa sọ ọ́ fún mi.

Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí àwọn ẹ̀dà tí mo tò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. "Èwo nìyí?"

"Ti àwọn ọmọ ni. Màmá fi ń kọ́ wọn."

"Ta ló fún yín láṣẹ?"

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Òǹkọ̀wé ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kọ ṣì ní olówó, fún ọdún tó pọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló jogún ẹ̀tọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí da á kọ bí kò bá gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ ni n ó pa bí mo bá sọ pé n kò mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Mo mọ̀ ọ́n fún ìwé tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀. N kò rò pé ó kan ìwé tí ẹnì kan fi ẹ̀rọ àfọwọ́yí tẹ̀ fún ọmọ àgbàlá.

A jọ wọ tasí lọ sí Kalikak, mo gbé ìwé náà dání. Nígbà tí a débẹ̀, ó yà mí lẹ́nu: ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá, ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó funfun. Màmá ní kó dìde, ó bu omi fún un. Ó mu ún tán kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ òǹkọ̀wé lórí fóònù, ó sì tú ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ọmọ Tíṣà," Màmá kí i ní Yorùbá, "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ńkọ́?"

Obìnrin náà fi Faransé sọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, òun kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Láti ibẹ̀ lọ, Faransé ni wọ́n ń sọ.

"Ṣé o ti ka ìwé náà rí?" Màmá bi í.

"Rárá, Màdáàmù. N kò rí i rí. Bí mo bá tilẹ̀ rí i, n kò gbọ́ èdè náà. Bàbá mi kò sọ ọ́ nínú ilé."

"Ó sọ̀rọ̀ ìwé náà fún ọ?"

"Nígbà tó ń ṣàìsàn. Ó ní iṣẹ́ ọmọdé ni, ojú ń ti òun nítorí rẹ̀. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ mọ́."

N kò lè gbà á mọ́ra. Mo fi Faransé kígbe sínú fóònù náà. "Ojú ń tì í? Ohun tí gbogbo wa fi ń kàwé ni ojú ń tì í sí? Ìwọ tí o kò lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ìwọ lo wá ni ín?"

Màmá gbá mi lápá. "Panu mọ́!"

Obìnrin náà fèsì. Ohùn rẹ̀ kéré. "Èmi ni mo ni ín, Músíọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí nígbà tí wọn ò kọ́ mi ní èdè náà."

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn. Kò sí bí mo ṣe lè rí i bẹ̀ ẹ́ báyìí.

Màmá fa fóònù súnmọ́ra. "Má dá a lóhùn, ọmọ mi ni, orí rẹ̀ gbóná. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé Tíṣà ní kí a má kà á?"

"Rárá. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Títẹ̀ ni. Dídà á kọ ni."

"Ẹyọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún mi ńkọ́?"

"Tiyín ni, Màdáàmù."

"Ó tó. Àwọn ẹ̀dà á kúrò nílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n pa fóònù, mo ní, "Màmá! Ta ló máa mọ̀ bí a bá fi wọ́n sílẹ̀? Ọmọ kékeré ni wọ́n, kí ni wọ́n máa fi kàwé?"

"Ọkùnrin yẹn ló la ojú mi sí ìwé," ó wí. "Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi títí tó fi lọ. Èyí nìkan ló béèrè. Ṣé kí n wá kọ̀ ọ́ fún un nítorí pé ó ti kú?"

"Ẹ ò rí i pé ojú yín ló ń tì í ni?"

"Mo gbọ́. Etí mi ò di." Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bó ṣe dùn mí lọ, mo sì tún ti sọ ọ́ síta níwájú àlejò.

Ọkùnrin oníbọ̀wọ́ dìde. Ó ní bí ìwé náà ṣe wà yìí, kò wúlò fún òun mọ́, ṣùgbọ́n òun á fẹ́ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí òun tó máa lọ. Ó ti yọ fóònù.

"Fọ́tò," Màmá wí. "Ìyẹn kì í ṣe dídà á kọ bí?"

Ó wo Màmá, ó wo fóònù. Ó dá a padà sápò, ní ibi tí ìbọ̀wọ́ wà. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí inú mi dùn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Mo gba àwọn ẹ̀dà náà padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Àwọn mìíràn ti ya òdòdó sí tiwọn, òmíràn ti kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà síwájú ìwé. Ọmọbìnrin ẹlẹ́nu, tó ń fi Faransé pè mí ní Tọ́ntọ́n bí ẹni pe bọ̀dá, bi mí pé, "Tọ́ntọ́n, kí la ṣe?" Mo ní wọn ò ṣe nǹkan kan. "Kí ló dé tí ẹ ń gbà á?" Mo tẹ́wọ́ gba tirẹ̀. Abẹ tí mo fi gé bèbè ti Màmá ni mo fi gé gbogbo ẹ̀dà náà wẹ́wẹ́. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni mo ń bú ẹni tó kú, mo ń bú ẹni tó ń kó ìwé jọ bí ẹni ń kó bàtà jọ, mo ń bú òfin tó mọ ọmọ tí a bí nínú ilé ṣùgbọ́n tí kò mọ ọmọ tí a kọ́ ní ìwé. Oníbàárà kan tó wọlé padà sẹ́yìn nígbà tó rí ojú mi.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ dé, ìwé kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Mo rò pé Màmá á ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó jókòó sórí àpótí, ó ṣí òrùka tí mo fi so ìwé náà, ó yọ àwọn ojú ewé, ó sì pín wọn: ọmọ kan, ojú ewé kan. Wọ́n jókòó yíká bí ìtàn náà ṣe tò. Ẹni tó bá kàn á dìde, á ka tirẹ̀, á jókòó, ẹni tó tẹ̀ lé e á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ elépo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọwọ́ ọmọ kan kún fún epo àkàrà, ó fi aṣọ nu ojú ewé rẹ̀, ó mọ́.

Màmá mú máákà dání, èyí tó fi ń kọ iye sára páálí bọ́tìnì. Bí ọmọ bá kà á láìṣìṣe, á fà á mọ́ra, á kọ "ó dára" sórí ọ̀rá náà, ní etí, níbi tí bèbè ìbá wà. Ọmọ á gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. Nígbà tí wọ́n bá kà á dé òpin, Màmá á fi aṣọ nu gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè rí ibi kọ sí.

Ojú ewé kan wà tí ọwọ́ mi ti yẹ̀ nígbà tí mo ń gé e. Abẹ wọ̀ ọ́ jù, ó gé ìparí àwọn ìlà lọ. Kò sí ọmọ tó fẹ́ gbà á.

"Tọ́ntọ́n ló gé e," ọmọbìnrin ẹlẹ́nu wí. "Kí Tọ́ntọ́n kà á."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wo Màmá, mo rò pé á gbà mí sílẹ̀. Ó na ojú ewé náà sí mi.

Mo dìde láàrin wọn, pẹ̀lú gíga mi, mo kà á. Ibi tí ọmọ náà ti bu epo tó kẹ́yìn sínú àtùpà arúgbó kan ni. Ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan mo ń kọsẹ̀, mo ń wá ohun tí mo ti jù sórí ààtàn. Mo dé ìsàlẹ̀. Mo na ojú ewé náà sí i.

Màmá ti ṣí ìdérí máákà. Kò kọ nǹkan kan.

"Tún un kà," ó wí.

Inú ń bí mi sí gbogbo ènìyàn tí mo ti dárúkọ síbí, ó sì ń bí mi sí ọwọ́ tí mo fi di ojú ewé náà mú jù. Àwọn ọmọ ń wò mí.

Mo tún un kà.